Fèrè Tó Ń Sọ̀rọ̀: Àpótí Sídíì Mẹ́jọ ti John Coltrane

Lọ́dún 1998, Impulse!, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde ní Amẹ́ríkà, kó sídíì mẹ́jọ sínú àpótí kan ṣoṣo, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní The Classic Quartet: Complete Impulse! Studio Recordings. Orin John Coltrane ló wà níbẹ̀, ọ̀gá nídìí fèrè sásófóònù tẹ́nọ̀, òun àti àwọn mẹ́ta tó ń bá a ṣeré: McCoy Tyner tó ń tẹ dùùrù, Jimmy Garrison tó ń ta báàsì, àti Elvin Jones tó ń lùlù. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn orin náà jẹ́ ti oṣù Kejìlá ọdún 1961. Èyí tó dé kẹ́yìn jẹ́ ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965. Kò tó ọdún mẹ́rin tí gbogbo rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ eléré tó fi ogójì ọdún ṣe iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Orin tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n tún kó jáde. Púpọ̀ nínú wọn ti wà lórí àwo gramafóònù látijọ́: Coltrane ní 1962, Ballads ní 1963, Crescent ní 1964, A Love Supreme ní 1965. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ikú Coltrane ni wọ́n tó rí ìta, bíi Transition ní 1970, Sun Ship ní 1971 àti First Meditations ní 1977. Ohun tí àwọn tó to àpótí náà ṣe ni pé wọ́n tú àwọn àwo wọ̀nyí palẹ̀, wọ́n wá tún orin inú wọn tò bí ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn. Sídíì kẹjọ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀dà tí wọn kò lò nígbà náà sí: orin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá dúró, orin tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀kan borí ìkejì.

Ètò yìí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti mọ Ballads lódindi, tó mọ orin tó yẹ kó tẹ̀lé èyí tó ń dún lọ́wọ́, yóò rí i pé wọ́n ti fọ́n ọn káàkiri, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gba orin inú àwo náà sílẹ̀, láti oṣù Kejìlá 1961 títí di oṣù Kọkànlá 1962. Àwo orin tí eléré tò fúnra rẹ̀ dà bí oúnjẹ tí ó bù sínú abọ́. Ẹni tó bá tún un bù ti yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Síbẹ̀, èrè wà níbẹ̀ tí àwo kọ̀ọ̀kan kò lè fúnni. Ẹni tó bá jókòó ti àpótí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò gbọ́ bí ohùn fèrè kan ṣe ń yí padà oṣù dé oṣù, títí tí kò fi jọ orin mọ́ bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdí nìyẹn tí àpótí náà fi wúlò fún etí Yorùbá ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí etí tí dùndún ti kọ́ láti kékeré mọ ìgbà tí ohun èlò bá ń wí nǹkan.

Hamlet, ìlú kékeré kan ní North Carolina, ni wọ́n ti bí John William Coltrane ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926. High Point ló ti dàgbà kó tó kọjá sí Philadelphia. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi fún ìgbà díẹ̀ ní 1945 sí 1946. Miles Davis mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1955. Ní 1957 ó lé e jáde nítorí oògùn olóró heroin tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ọdún 1957 yẹn gan-an ni Coltrane jáwọ́ nínú rẹ̀, tó sì lọ bá Thelonious Monk tó ń tẹ dùùrù ṣeré ní Five Spot, ní New York. Láti ìgbà náà ni kò ti sinmi mọ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ sítúdíò rẹ̀ pọ̀ sí jù lọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti di àpótí: ti Prestige jẹ́ sídíì 16, ó jáde ní 1991, ti Atlantic jẹ́ sídíì 7, ó jáde ní 1995, ti Impulse! ni a ń wí yìí. Ọ̀pọ̀ ló mọ My Favorite Things, tó ṣe fún Atlantic, nítorí òun ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àmọ́ ní Impulse! ni ó ti rí ẹgbẹ́ tó gbà á láyè láti lọ síbi tó ń wò lókèèrè.

Ibi tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ yẹ ní sísọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, New Jersey, tí ọ̀gbẹ́ni náà kọ́ ní 1959. Iṣẹ́ wíwo ojú fún àwọn tó fẹ́ lo awò ló kọ́, inú yàrá ìgbàlejò àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló sì ti ń gba orin jáàsì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kọ́ tirẹ̀, ó gbé òrùlé rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi igi ṣe é, ohùn sì ń ráyè gòkè kó tó padà bọ̀. A lè gbọ́ àyè yẹn nínú àpótí yìí. Nígbà tí Elvin Jones bá lu ide orí ìlù rẹ̀, ariwo náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń rọra rà bàbà lókè orí fèrè. Bob Thiele ló ń bójú tó ìgbàsílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà. Ó gbọ́n débi pé ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́.

Ìlù tí Elvin Jones ń lù ni èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kàn ń pè ní jáàsì, láìbìkítà bóyá orin jáàsì ni wọ́n ń fi kọ tàbí orin ìyìn. Orúkọ yẹn kò burú. Ohun tí Elvin fi ṣe ni pé kò gbà kí ìlù máa ka ìṣẹ́jú fún àwọn yòókù. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ òsì ń dá a lóhùn, ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbè. Àwọn onílù dùndún a pín iṣẹ́ báyìí láàárín ara wọn: ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀, omele á máa tẹnu mọ́ ohun kan náà, gúdúgúdú á máa dí àyè tó ṣófo. Elvin nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí orin ẹlẹ́ni-mẹ́rin fi ń dún bí ti ogúnlọ́gọ̀ nígbà míràn, tí Coltrane sì fi lè fọn fèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjẹ́ pé ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nínú àwo tí wọ́n pè ní Coltrane, tí wọ́n gba orin inú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1962, orin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Tunji". Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n gbà á. Báàsì Garrison ń pe ohùn kan náà léraléra bí agogo tí kì í yẹ̀ ní ojú agbo, dùùrù Tyner ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fèrè sì wọlé ní ìtẹríba, láìkánjú. Àwọn tó ń kọ ìwé nípa jáàsì máa ń yára kọjá níbẹ̀ kí wọ́n tó dé A Love Supreme. Kò yẹ kí Yorùbá yára kọjá.

Babátúndé Ọlátúnjí ni Tunji. Ajido, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1927. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ẹgbẹ́ Rotary ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1950, ó sì kàwé ní Morehouse College ní Atlanta kó tó wá sí New York. Kì í ṣe ìlù ló bá lọ. Ìṣèlú àti ìṣàkóso ìlú ló ń kọ́. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà ju ohun tí sinimá ti fi hàn wọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù àti orin là wọ́n lóye. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Ìlù àti ohùn ènìyàn nìkan, orin lílé àti ègbè ní èdè Yorùbá, fún àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwo náà tà. Ọ̀kan nínú orin rẹ̀ ni Carlos Santana wá tún ṣe ní 1969 lábẹ́ orúkọ "Jingo". Àwọn eléré jáàsì ní New York ṣù mọ́ Ọlátúnjí. Ó bá Max Roach onílù ṣeré nínú We Insist! ní 1960, Yusef Lateef, òun náà afọnfèrè tẹ́nọ̀, fọn fèrè nínú àwo Ọlátúnjí tó ń jẹ́ Zungo!, ó sì wá gbé Zaria fún ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Ahmadu Bello University, láti 1981.

Coltrane kò kàn ya orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ojú rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀ yìí. Ní 1956, nígbà tó wà lọ́dọ̀ Miles Davis, ó fọn fèrè nínú "Airegin", orin tí Sonny Rollins kọ. Ẹni tó bá kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú yóò rí Nigeria níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1961, ó ṣe "Dahomey Dance" fún Atlantic. Ní ọdún yẹn kan náà, àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ fún Impulse! ni Africa/Brass. Orúkọ lásán kò sọ orin di ti Áfíríkà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn dúdú Amẹ́ríkà ń wo bí Ghana ṣe gba òmìnira ní 1957 àti bí Nàìjíríà ṣe tẹ̀lé e ní 1960, ojú tí wọ́n fi wo ìyẹn sì wọ inú orin wọn. Ohun tó mú "Tunji" yàtọ̀ ni pé ènìyàn kan pàtó ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n sọ ní Ajido ló wà lára àwo tí wọ́n tẹ̀ ní New York.

Africa/Brass kò sí nínú àpótí náà, nítorí ẹgbẹ́ ńlá ló ṣe é. Àwo tí Coltrane bá Duke Ellington ṣe kò sí níbẹ̀, èyí tó bá Johnny Hartman akọrin ṣe kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ascension, níbi tí ènìyàn mọ́kànlá ti pé jọ. Orin ẹni mẹ́rin náà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àfi orin díẹ̀, bíi méjì ti oṣù Kẹrin 1963 tí Roy Haynes bá wọn lùlù nígbà tí Elvin Jones kò sí nílé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni "After the Rain", tó rọra balẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òjò lóòótọ́.

Ní oṣù Kọkànlá 1961, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn DownBeat, John Tynan, sọ pé ohun tí Coltrane àti Eric Dolphy, afọnfèrè tó ń bá a ṣeré, ń ṣe lòdì sí jáàsì. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn, ó sì tàn ká. Ó bọ́ sí àkókò tí ẹnu fèrè Coltrane ń fún un ní ìyọnu: ó ti gbé e fún àtúnṣe, wọ́n sì bà á jẹ́, kò lè sáré lórí fèrè bó ṣe fẹ́. Ìdí méjèèjì yìí pa pọ̀ mọ́ ìfẹ́ Thiele láti fi han àwọn alárìíwísí pé ọkùnrin náà lè kọrin tó dùn, ni wọ́n fi ṣe Ballads. Kò sí ariwo níbẹ̀. Orin ìfẹ́ àtijọ́ mẹ́jọ, tí fèrè ń kọ ohùn wọn ní tààrà, bí ẹni ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nínú àpótí, àwọn orin yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó le koko ti ọdún kan náà, ẹni tó bá sì gbọ́ wọn bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé ohùn kan ni. Ẹni tó ń pariwo lókè yẹn ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níhìn-ín.

"Alabama" tẹ̀lé e ní 1963. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi bọ́ǹbù kọlu ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi ti 16th Street ní Birmingham, ọmọbìnrin mẹ́rin sì kú níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, Coltrane wọ sítúdíò. Orin náà kò gùn. Fèrè bẹ̀rẹ̀ láìsí ìlù, dùùrù kàn ń kùn lábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kan, ìdákẹ́jẹ́, gbólóhùn míràn, ìdákẹ́jẹ́. Ó dún bí ẹni ń sun rárà níbi òkú tí kò yẹ kó kú. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là tààrà lọ sí A Love Supreme. Ilé rẹ̀ ní Dix Hills, Long Island, ni Coltrane ti ṣètò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1964 ni wọ́n sì gba gbogbo apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sílẹ̀. Apá kẹrin, "Psalm", ni ó yẹ kí a dúró tì. Coltrane kọ ewì àdúrà kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú páálí àwo náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ènìyàn kà á, wọ́n gbọ́ orin, wọn kò so méjèèjì pọ̀. Lewis Porter, onímọ̀ orin tó kọ ìwé lórí Coltrane, ló fi hàn kedere pé fèrè náà ń ka ewì náà ni, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ewì náà sọ́wọ́ bí orin ṣe ń lọ lè máa fi ìka tẹ̀lé e.

Fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyàlẹ́nu ni èyí. Fún ẹni tí ìyáàlù ti kí oríkì rẹ̀ rí ní ojú agbo, ohun tó yẹ kí a retí ni. Àmọ́ kò yẹ kí a sọ ọ́ ju bó ti jẹ́ lọ. Ìyáàlù ń tẹ̀lé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ inú èdè Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù dúdú, tí wọ́n máa ń fi ohùn orin wàásù, ni Coltrane ti mú tirẹ̀: gbólóhùn kan gòkè, ó dúró lórí ohùn kan fún ìgbà pípẹ́, ó já wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Bàbá àgbà rẹ̀ níhà ìyá, oníwàásù ni nínú ìjọ A.M.E. Zion, ilé rẹ̀ sì ni ọmọ náà gbé dàgbà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà, ibì kan náà ni wọ́n dé: ohun èlò tí kò ní ètè ń sọ̀rọ̀, àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà sì ń gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlẹ̀kùn ṣí gbagada. Orin inú Transition, ti oṣù Karùn-ún àti Kẹfà 1965, ń fa aṣọ tí wọ́n wọ̀ títí ó fi ń ya. Sun Ship, ti oṣù Kẹjọ, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já a. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba First Meditations sílẹ̀, Coltrane kò sì gbé e jáde. Ní oṣù Kọkànlá ó tún orin náà ṣe pẹ̀lú Pharoah Sanders tó ń fọn tẹ́nọ̀ àti onílù kejì, Rashied Ali. Kí ọdún tó parí, Tyner ti lọ. Elvin Jones náà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1966. Oṣù Kẹsàn-án 1965, kí wọ́n tó tú ká, ni orin inú àpótí náà parí sí. Sídíì keje, tó kún fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà fi kù kó tú ká, ni ó ṣòroó gbọ́ jù, òun náà ni ó sì ń dunni jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà lára àpótí náà tí ọjọ́ ti dá lẹ́bi: Complete, ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Kò pé. Ọdún ogún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 2018, Impulse! gbé Both Directions at Once jáde, odindi iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1963, ní sítúdíò Van Gelder. Téèpù ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Èyí tí Coltrane mú lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà kó lè tún un gbọ́, tó fi sọ́dọ̀ Naima ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ni ẹbí tọ́jú fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta.

Kánádà ni èkejì ti wá. Ní 1964, Gilles Groulx, ọ̀dọ́ olùdarí fíìmù kan ní Montreal, ń ṣe fíìmù rẹ̀ Le chat dans le sac fún National Film Board, ilé-iṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà. Ó fẹ́ràn Coltrane, ó mọ Jimmy Garrison, ó sì ní kí wọ́n bá òun ṣe orin fíìmù náà. Coltrane gbà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 1964, ní àárín Crescent àti A Love Supreme, ẹgbẹ́ náà wọ sítúdíò Van Gelder fún iṣẹ́ tí Impulse! kò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún àwọn orin àtijọ́ rẹ̀ ṣe, "Naima" àti "Like Sonny" àti "Traneing In", ohun tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í fẹ́ bojú wẹ̀yìn. Ó tó ìṣẹ́jú 37 lápapọ̀. Bíi mẹ́wàá ni Groulx lò. Ó gbé téèpù náà padà sí Kánádà, ibẹ̀ ló sì wà títí Impulse! fi sọ ọ́ di àwo ní oṣù Kẹsàn-án 2019, lábẹ́ orúkọ Blue World. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Calgary, tí òtútù dè mọ́lé ní oṣù Kìíní, lè wo fíìmù náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ National Film Board. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ó dá lórí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ìfẹ́ wọn ń tú. Bí fèrè náà ṣe wọlé sórí àwòrán yìnyín Quebec, ẹni tó ti gbé ìhà ibẹ̀ rí kò ní béèrè ìdí tí Groulx fi fẹ́ ẹ.

Ìtàn téèpù méjì yìí ṣe pàtàkì nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2008. Iná jó níbi ìtọ́jú téèpù tí Universal, tó ti ra Impulse! nígbà náà, ní sí Hollywood. Ní 2019, ìwé ìròyìn New York Times ròyìn pé téèpù àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ Coltrane fún Impulse! wà lára ohun tó jóná. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé àdánù náà kò tó bí wọ́n ṣe wí. Bó ti wù kó rí, àpótí 1998 ti wà ní ilé àwọn ènìyàn kí iná tó dé. Ẹ̀dà tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé kì í jóná lọ́jọ́ kan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Fela lọ sí London ní 1958, ó ń kọ́ orin ní Trinity College, Miles Davis àti Coltrane ló sì ń gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà ní 1963, ẹgbẹ́ jáàsì ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí Igo Chico tó ń fọn tẹ́nọ̀ fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Fela gbé fèrè náà fúnra rẹ̀. Orlando Julius Ẹ̀kẹ́modé, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, òun náà ọ̀gá nídìí sásófóònù, ṣe Super Afro Soul ní 1966 nígbà tó ń ṣeré ní Ìbàdàn. Àwo náà di ohun tí àwọn àjòjì ń wá kiri, ilé-iṣẹ́ Vampisoul ní Madrid ló sì tún un tẹ̀ jáde fún aráyé. Ó dára pé wọ́n ṣe é. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá láti Èkó àti Ìbàdàn pẹ̀lú: kí ẹnìkan to iṣẹ́ sítúdíò àwọn afọnfèrè wa bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ọjọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lùlù, ẹni tó ta gìtá, yàrá tí wọ́n ti ṣe é, àti èyí tí wọ́n ṣe tí wọ́n jù sẹ́yìn. Iṣẹ́ yẹn kò ju agbára wa lọ. Téèpù àti àwọn tó rántí ló ń dín kù lójoojúmọ́.

Ká tún padà sọ́dọ̀ Ọlátúnjí. Ó ṣí ilé àṣà rẹ̀, Olatunji Center of African Culture, sí òpópónà 125th ní Harlem, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè kọ́ ìlù, ijó àti èdè. Coltrane wà lára àwọn tó fi owó tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967, ó wá ṣeré níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Alice ìyàwó rẹ̀ ló tẹ dùùrù, Pharoah Sanders fọn tẹ́nọ̀ kejì, Rashied Ali lùlù, Garrison nìkan ló kù nínú àwọn mẹ́ta àtijọ́. Orin méjì ló wà lórí téèpù ọjọ́ náà. Àkọ́kọ́ ni "Ogunde", tó gba orúkọ lọ́dọ̀ orin ìbílẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil. Èkejì ni "My Favorite Things", tó ti ń ṣe láti 1960. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti ń bá a jà nígbà náà, ọjọ́ 17 oṣù Keje ló sì kú, ẹni ogójì ọdún. Téèpù náà kò di àwo títí di 2001. Kò lè sí nínú àpótí 1998 rárá, nítorí kì í ṣe sítúdíò ni wọ́n ti gbà á. Ohùn rẹ̀ kò mọ́, ariwo bò ó, gbohùngbohùn kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí dáadáa yóò rántí pé Algie DeWitt wà láàárín wọn, ìlù bàtá ló sì gbé kọ́rùn.